Má Ṣílẹ̀kùn fún “Èmi Ni”

Rothenburgsort, Hamburg
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Mofẹ́olúwa mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo bí tó wá ga jù mí lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹrù ti wọ àpótí tán? Mo mọ̀ pé bí o bá rí bí lẹ́tà yìí ṣe gùn tó, o máa mí kanlẹ̀, o máa ní, “Mama, ẹ̀ bá kàn fi Voice ránṣẹ́.” Rárá o. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lóhùn. Mo fẹ́ kí o rí i nínú ìwé, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi tí o máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ti tíṣà ni. Tíṣà náà ni mí. Tí o bá kà á dé ìparí, ìdí tí mi ò fi fohùn sọ ọ́ á yé ọ.

Ìwọ̀nba ọjọ́ ló kù tí wàá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Houston. Ibẹ̀ la bí ọ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ò tíì mọ ìrìn rìn nígbà tí a gbé ọ wá sí Berlin. Iṣẹ́ ti wà, ilé ti wà, ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà wà nínú báàgì rẹ, ìwọ nìkan lo sì máa dá gbé níbẹ̀. Nígbà tí mo wá bá ọ palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Reinickendorf, ní Berlin níbẹ̀, mo ní kí n ṣàlàyé ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ, o bú sẹ́rìn-ín, o ní, “Mama, das hatten wir doch in der Schule.” Ó dáa, wọ́n kọ́ yín nílé ìwé. Ṣé wọ́n kọ́ yín bí èèyàn ṣe ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ara rẹ̀?

Ọjọ́ tí mo wá yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀sán gangan ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin U-Bahn, mo rọra ń rìn bọ̀ torí orúnkún mi. Nígbà tí mo dé, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ kò tì. Mo gòkè, ilẹ̀kùn Wohnung rẹ náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. O wà nílé ìdáná, o ń da omi gbígbóná sí ife, o ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. O ní, “Ẹ káàsán ma. Wo wart ihr denn, ibo lẹ wà? Mo ti ṣílẹ̀kùn fún yín tipẹ́.”

Mo ní, “Báwo lo ṣe mọ̀ pé mo ti dé?”

O ní, “Ṣebí ẹ tẹ Klingel. Mo béèrè pé ta ni, ẹ ní ‘Èmi ni.’ Ohùn yín kọ́ ni mi ò ní mọ̀.”

Mo sọ fún ọ pé mo yà ra omi ni. Irọ́ ni, Mofẹ́. Mi ò tíì fọwọ́ kan Klingel rẹ, aago ẹnu ọ̀nà yẹn. Àti pé láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún méje, mi ò sọ “Èmi ni” lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni mọ́.

Bàtà ilé tí o máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà dè mí kò sí níbẹ̀. Pálọ̀ ni mo ti rí i, níwájú àga tó kọjú sí fèrèsé, wọ́n tò ó pọ̀ bí ìgbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Mo rò pé ìwọ lo gbé e síbẹ̀. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù rẹ tí o ń sọ pé “Mama, kí lẹ ń wá?” Mo wo ilé ìwẹ̀, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹnì kankan. Mo jókòó mu tíì náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, o ní òtútù ló ń mú mi, o lọ gbé aṣọ wá bò mí. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú ọ, ọmọ dáadáa. Àmọ́ òtútù kọ́.

Ó ti wá di dandan kí n sọ ọ̀rọ̀ Lichtenberg fún ọ, àdúgbò tí a kọ́kọ́ gbé ní Berlin. O rántí àwọn ilé gogoro tí a gbé nígbà náà, tí gbogbo wọn jọra tí o fi máa ń wọ ilé onílé. Bàbá rẹ ti ríṣẹ́ sí èbúté ní Hamburg, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé, èmi àti ìwọ nìkan la máa ń wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ò bà mí. Ní agbo ilé wa ní Ìbàdàn, bí èèyàn bá kanlẹ̀kùn, a ó ní “Ta ni?”, onítọ̀hún á ní “Èmi ni”, ọ̀rọ̀ tán, a ó ní kó wọlé. Ẹni tó bá dúró ń ka orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé ó bú àwọn ará ilé ni, pé wọn ò mọ ohùn rẹ̀. Mo gbé àṣà yẹn dé Houston, mo tún gbé e dé Lichtenberg, mi ò gbọn eruku kankan kúrò lára rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, arábìnrin kan nínú ìjọ fẹ́ gbé sùtánà tó bá mi rán wá. Sprechanlage dún, ẹ̀rọ ara ògiri tí a fi ń bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ta ni?” Ohùn kan ní, “Èmi ni.” Yorùbá tó mọ́ ketekete. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo ṣílẹ̀kùn, mo ń dúró. Lífítì gòkè wá, ó ṣí, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ó tún pa dé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí arábìnrin náà tó dé. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àdúgbò ni.

Mo ní àwọn ọmọ àdúgbò ló ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ọmọ àdúgbò wo ní Lichtenberg ló gbọ́ Yorùbá? Nínú gbogbo ilé yẹn, àwa nìkan ni.

Ó tún wáyé, ó tún wáyé, ojú ọ̀sán sì ni nígbà gbogbo. Ẹ wo èmi náà, mo ń ṣí i! Ọwọ́ mi á ti tẹ bọ́tìnnì kí ọpọlọ mi tó bá a. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣípò nínú ilé. Kò sí ohun tó sọnù. Bíbélì tí mo ṣí sílẹ̀, mo máa bá a ní pípadé. Bàtà ilé bàbá rẹ tí mo máa ń tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí òpin ọ̀sẹ̀, mo máa bá a níwájú àga pálọ̀, ó kọjú sí fèrèsé.

Mo sọ ọ́ fún Frau Krüger, ìyá àgbà ilé kejì tó máa ń fún ọ ní bisikíìtì. Inú ilé yẹn ló ti wà láti ayé ìjọba àtijọ́, kí ògiri Berlin tó wó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Nígbà náà, àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ ìjọba máa ń wọlé wa nígbà tí a ò bá sí nílé. Wọn kì í jí nǹkan. Wọ́n á kàn sún nǹkan kan kúrò níbi tó wà, kí o lè mọ̀ pé wọ́n wá, kí o má sì rí nǹkan kan sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàtà ilé ọkọ mi ni wọ́n máa ń sún.”

Mo ní, “Báwo ni wọ́n ṣe ń wọlé?”

Ó ní, “Wọ́n á tẹ aago nísàlẹ̀, wọ́n á ní ‘Ich bin’s’, ìyẹn ‘Èmi ni’, ẹnì kan nínú wa á sì ṣí i. A kì í béèrè ẹni tó ń jẹ́ ‘èmi’. Ẹ̀rù ń bà wá, àṣà sì ni.” Ó ní, “Ìjọba yẹn ti lọ, Frau Adérónkẹ́. Mi ò mọ ẹni tó kù tó ṣì ń tẹ aago.”

Kò pẹ́ sí i ni ọjọ́ tí mo ń sọ yìí dé. Mo tètè kúrò ní Kita, ilé ìtọ́jú ọmọdé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo wọlé, mo bá ọ lórí àpótí ìjókòó, Sprechanlage wà létí rẹ, o ń wí pé, “Bẹ́ẹ̀ ni sà. Rárá sà, èmi nìkan ni sà. Ìrọ̀lẹ́ ni Mummy máa ń dé sà.” O rí mi, inú rẹ dùn. O ní, “Mummy, Papa ist unten! Ó wà nísàlẹ̀, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Mo ti ṣí i fún un.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ, mo gbé ọ sẹ́yìn mi, mo fi ṣéènì kọ́ ilẹ̀kùn, mo sì pe bàbá rẹ. Ó gbé e lójú ẹsẹ̀. Mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ èbúté lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, “Níbo lo wà?” Ó ní, “Hamburg kẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?” Nígbà yẹn ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó gòkè wá díẹ̀díẹ̀, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn wa, ó kàn án.

Mo ní, “Ta ni?”

“Èmi ni.”

Ohùn bàbá rẹ ni, Mofẹ́. Ohùn bàbá rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàbá rẹ gan-an sì wà létí mi lórí fóònù. Òun náà gbọ́ ọ. Ó rọra ní, “Rónkẹ́, má ṣí i. Bi í pé kí ló ń jẹ́.”

Mo bi í. Ó ní, “Èmi ni.” Mo ní, “Ìwọ ta? Dárúkọ ara rẹ. Ta ló rán ọ wá?” Ó dákẹ́. Mo béèrè, mo tún béèrè, títí ohùn mi fi há. Nígbà tí Frau Krüger ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó ní kò sí ẹnì kankan lórí kọ́ridọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò gbọ́ kí ẹsẹ̀ kankan sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí tí a fi kó wá sí Hamburg nìyẹn. O rò pé torí iṣẹ́ bàbá rẹ ni. Ìdí sì nìyẹn tí bàbá rẹ, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, fi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kígbe pé, “Adébáyọ̀ ni o, bàbá Mofẹ́, láti ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀!” O ti fi í rẹ́rìn-ín títí, o ní ó ń ṣe bí ọlọ́pàá. Kò fẹ́ kí n sọ ìtàn yìí fún ọ rárá. Nígbà tí mo délé láti Reinickendorf tí mo sọ ohun tí mo rí fún un, òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá bébà fún mi.

Ó yá, ọmọ mi, wá gbọ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tí a wà ní Houston, kí n tó lóyún rẹ, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ará ìjọ tó fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo kọ́ wọn ní ìwé òfin yẹn bí ẹni kọ́ ọmọdé ní katikísìmù, kí wọ́n lè yege ìdánwò. Lichtenberg ni mo ti wá mọ ohun tí mo ń kọ́ wọn.

Ohun àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tó ṣí ìwé òfin Amẹ́ríkà ni “Àwa ará ìlú.” Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọ̀gágun. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti dárúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìwọ sì wà nínú ẹni yẹn. Wọ́n wá pín agbára sí yàrá mẹ́ta kí ẹnì kankan má dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ mú. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń ṣe òfin, apá méjì sì ni: ilé àwọn sẹ́nétọ̀, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní èèyàn méjì méjì, àti ilé àwọn aṣojú, tí iye ará ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ iye tí wọ́n máa ní. Ààrẹ ló ń mú òfin ṣẹ. Ó lè kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin, ṣùgbọ́n bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì bá dúró lórí rẹ̀, ó ti di òfin. Àwọn adájọ́ ló sì ń sọ bóyá ohun tí àwọn tó kù ṣe bá ìwé òfin mu. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kanlẹ̀kùn èkejì, ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí àṣẹ.

Má gbàgbé ìpínlẹ̀. Ìwọ tí o ti lo ilé ìwé Berlin àti ti Hamburg mọ̀ pé orílẹ̀-èdè kan náà ni, òfin ilé ìwé wọn yàtọ̀ síra. Bẹ́ẹ̀ ló rí níbẹ̀. Texas ní gómìnà tirẹ̀, aṣòfin tirẹ̀, ilé ẹjọ́ tirẹ̀. Ohun tí o bá gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ní New York lè má jẹ́ òfin níbi tí o wà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló kàn, èyí gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó. Àtúnṣe kẹrin nínú ìwé òfin náà sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ ṣàdédé wọ ilé rẹ tàbí tú ẹrù rẹ. Ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà. Adájọ́ ló ń fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti búra nípa ìdí rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí wọ́n fẹ́ tú àti ohun tí wọ́n ń wá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, béèrè láti inú ilé. Ẹ̀yin ta? Ta ló rán yín? Ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn ọ́ lójú fèrèsé tàbí kí wọ́n tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Wo orúkọ, wo àdírẹ́sì, wo ọwọ́ adájọ́. Bí kò bá sí, sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé o ò gbà kí wọ́n wọlé. Mo mọ̀ pé ìgbà pàjáwìrì wà tí wọ́n lè wọlé láìsí ìwé. Bí wọ́n bá wọlé tipátipá, má bá wọn jà, má dí wọn lọ́nà. Tún un sọ pé o ò gbà, kí o jẹ́ kí lọ́yà bá wọn yanjú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹnu. Mo kọ́ ọ pé bí àgbà bá bi ọ́ ní nǹkan, o gbọ́dọ̀ dáhùn, kí o fi “sà” àti “ma” sí i. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé dára lára rẹ. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ kékeré yẹn tó ń wí pé “èmi nìkan ni sà.” Àtúnṣe karùn-ún sọ pé kò sẹ́ni tó lè fipá mú ọ jẹ́rìí ta ko ara rẹ. Bí ọlọ́pàá bá ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, sọ pé, “Mo fẹ́ lo ẹ̀tọ́ mi láti dákẹ́, mo sì fẹ́ lọ́yà,” kí o sì dákẹ́ lóòótọ́. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ọ́ tí o ò lówó lọ́yà, ìjọba gbọ́dọ̀ wá ọ̀kan fún ọ nínú ẹjọ́ tó bá lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Má purọ́ fún wọn, irọ́ ló ń dá ẹjọ́ sílẹ̀. Ní ibì kan òfin lè ní kí o sọ orúkọ rẹ. Sọ ọ́. Ìwọ ní orúkọ, kò sí ohun tó ń tì ọ́ lójú níbẹ̀.

Ìjọsìn rẹ ńkọ́? Wọ sùtánà rẹ, bọ́ bàtà rẹ, kọrin rẹ. Àtúnṣe kìíní ló dáàbò bò ọ́: ìjọba kò gbọdọ̀ dá ẹ̀sìn kan sílẹ̀ fún gbogbo ìlú, kò sì gbọdọ̀ dí tìrẹ lọ́wọ́. Kò sí Kirchensteuer, owó orí ìjọ, níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìjọ tí o wà kó tó yọ owó orí rẹ. Inú ibẹ̀ náà ni ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, láti kọ̀wé, láti kóra jọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, àti láti bá ìjọba wí nígbà tó bá ṣẹ̀ ọ́.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àlejò ni ọ́. Àtúnṣe kẹrìnlá sọ pé ẹni tí a bí sórí ilẹ̀ náà, tó wà lábẹ́ òfin rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ náà ni. Èmi ni mo rọbí rẹ níbẹ̀, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ìbò kò ní wá bá ọ nílé bí ti Berlin, tí ìwé ìdìbò ń já sínú àpótí lẹ́tà torí pé o ti ṣe Anmeldung, o ti fi àdírẹ́sì rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní Texas, ìwọ fúnra rẹ lo máa lọ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìbò. Tètè lọ. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ láti wá jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní kóòtù, má sá. Ibẹ̀ ni “àwa ará ìlú” ti ń dẹni tí èèyàn lè rí.

O lè ní, “Mama, kí ló kan òfin pẹ̀lú ohun tó ń tẹ Klingel? Ohun yẹn kì í ṣe ìjọba.” Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo ti gbàdúrà sí i, mo ti gbààwẹ̀ sí i, mi ò sì mọ̀. Ohun kan ni mo mọ̀: ó ń wọ ibi tí wọn ò bá ti béèrè orúkọ, ọjọ́ tí mo béèrè, kò rí nǹkan kan dáhùn. Àwọn tó kọ ìwé òfin yẹn àti Frau Krüger ò mọra, síbẹ̀ ẹ̀rù kan náà ló bà wọ́n. Ẹ̀rù yẹn ń bà mí fún ọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, o sì ṣì ń ṣílẹ̀kùn bí o ṣe ń ṣí i nígbà tí o wà lórí àpótí ìjókòó yẹn.

Bí Ọlọ́run bá fẹ́, lẹ́yìn òtútù mo máa wá wò ọ́. Mo máa gbé ẹ̀wà àti èlùbọ́ wá, orúnkún mi á máa dùn mí, á sì máa ṣe mí bíi pé kí o ṣí i kíákíá. Má ṣí i. Béèrè pé ta ni. Mo máa ní, “Adérónkẹ́ Àdùnní ni, ìyàwó Adébáyọ̀, tó bí ọ ní ìlú yìí.” Lẹ́yìn náà, wo ojú mi nínú ihò ilẹ̀kùn kó tó di pé o fọwọ́ kan ṣéènì.

Ṣùgbọ́n bí o bá béèrè, tí o sì gbọ́ ohùn mi, ohùn mi gan-an, pẹ̀lú ikọ́ mi àti ẹ̀rín mi, tó ń pè ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, tó ń ní òtútù ń mú òun, tó ń sọ pé “Èmi ni,” dúró síbi tí o wà, ọmọ mi. Èmi kọ́.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Adérónkẹ́ Àdùnní, ìyàwó Adébáyọ̀